Ṣílè Mẹ́wàá fún Orin Kan: Ẹjọ́ Solomon Linda àti Òfin Ọdún 1911

Nígbàkígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníjàálá, àwọn onírárà àti àwọn apàlọ́, ìbéèrè kan wà tí í máa bá wọn padà sí ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá ti gba ohùn àgbà kan sílẹ̀ tán, tí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tàbí tí a fi ṣe àwo orin, tí owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ wọlé, ta ni ó ni ohun náà? Àwọn kan a máa dáhùn pé kò sí ẹnìkan pàtó tí ó ni í, nítorí pé ohun àjogúnbá gbogbo ènìyàn ni. Àwọn mìíràn a sì máa wí pé ẹni tí ó sanwó ni ó ni í, ọ̀rọ̀ parí. Ìdáhùn méjèèjì ni ayé fún Solomon Linda, akọrin Súlú ti ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ó sì lé ní ọdún 43 lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gba ìdáhùn kẹta. Òfin tí agbẹjọ́rò wọn gbé ẹsẹ̀ lé kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun kan náà ni a lò ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1912 títí di ọdún 1970. Nítorí náà, ó yẹ kí a tú ẹjọ́ náà palẹ̀, kí a lè rí bí a ti í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìtòsí Pomeroy, ní agbègbè Msinga ní ilẹ̀ Natal, ni a bí Linda sí ní ọdún 1909. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà náà, ó fi abúlé sílẹ̀, ó wá iṣẹ́ lọ sí Johannesburg, níbẹ̀ ni ó sì ti di aṣáájú ẹgbẹ́ akọrin kan tí a ń pè ní Evening Birds. Ní ọdún 1939, ẹgbẹ́ náà wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Gallo, wọ́n sì kọ orin kan tí ń jẹ́ Mbube, èyíinì ni kìnnìún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta ń parí lọ, Linda ṣàdédé gbé ohùn kan sókè lé orí elégbè àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohùn tí kò sí nínú ohun tí wọ́n ti múra sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀nba ohùn kékeré yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí, tí àwọn ọmọdé ń kọ káàkiri láìmọ ibi tí ó ti wá. Àwo náà tà púpọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Nǹkan bí 100,000 ni a sábà ń kà á sí láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ní ọdún 1952, Linda fọwọ́ sí ìwé kan tí ó gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ orin náà fún Gallo. Ẹ̀tọ́ àdàkọ tí à ń wí yìí ni àṣẹ tí òfin fún ẹni tí ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, pé òun nìkan ni ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ó lè tẹ̀ ẹ́ jáde, tí ó lè gbé e ṣeré ní gbangba, tí ó sì lè yí i padà sí irú mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo èyí, káàkiri àgbáyé, ni ìwé náà gbà lọ́wọ́ Linda. Owó tí a kọ sínú rẹ̀ jẹ́ ṣílè 10.

Ní àkókò kan náà, àwo orin náà ti rékọjá òkun. Alan Lomax, ọ̀mọ̀wé tí ń kó orin àwọn ará ìgbèríko jọ, ni ó gbé e fún Pete Seeger ní Amẹ́ríkà, Seeger àti ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Weavers, sì gbé e jáde pẹ̀lú orúkọ Wimoweh. Uyimbube ni àwọn Súlú ń wí. Bí etí Seeger ti gbọ́ ọ ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ara àwo náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ni Paul Campbell, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: orúkọ àdápè ni, tí wọ́n fi ń gba owó lórí àwọn orin tí wọ́n kà sí orin àbáláyé. Ó tọ́ kí a sọ pé Seeger fúnra rẹ̀ fi dọ́là 1,000 ránṣẹ́ sí Linda nígbà tí ó gbọ́ pé ènìyàn kan pàtó ni ó ni orin náà. Ní ọdún 1961, George David Weiss kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun sí ohùn náà, ó sì di The Lion Sleeps Tonight, èyí tí ẹgbẹ́ Tokens kọ tí ó sì gba ipò kìíní láàárín gbogbo orin ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, Linda kú nípa àìsàn kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹbí rẹ̀ tó rí owó fi òkúta sí ojú oórì rẹ̀.

Orin náà kò dúró. Ní ọdún 1994 ilé-iṣẹ́ Disney fi í sínú fíìmù The Lion King, lẹ́yìn náà ó tún wọ inú eré orí ìtàgé tí a ti inú fíìmù náà yọ. Ní ọdún 2000, Rian Malan, akọ̀ròyìn ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà nípa ọ̀ràn náà. Ìṣirò tirẹ̀ ni pé orin náà ti pa nǹkan bí mílíọ̀nù 15 dọ́là nípa lílò tí a lò ó nínú The Lion King nìkan. Àwọn ọmọbìnrin Linda ń gbé Soweto nínú àìní nígbà náà.

Ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò á kọ́kọ́ sọ pé ìrẹ́jẹ ni, kí adájọ́ sì fagi lé ìwé ọdún 1952. Ṣùgbọ́n kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í wọn iye owó tí a fi ra nǹkan. Bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé bá fọwọ́ sí ìwé, tí ẹ̀rí kò sì sí pé a fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú un, ṣílè 10 tó láti gbé ẹ̀tọ́ lọ, bí ó ti wù kí ó dun ni tó. Àwọn ẹlẹ́rìí sì ti kú, Linda fúnra rẹ̀ sì ti kú. Ẹni tí ó bá gbé ẹjọ́ náà ka orí ẹ̀tàn, á lo gbogbo ọjọ́ rẹ̀ nílé ẹjọ́ láti máa wá òkú jẹ́rìí.

Ọ̀nà mìíràn ni Owen Dean, agbẹjọ́rò ìlú Pretoria tí a fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, gbà wọlé. Ìwádìí tí Dean fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stellenbosch dá lórí bí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1978 ṣe kan àwọn iṣẹ́ tí a ti ṣe kí òfin náà tó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ gbígbẹ tí kò sí omi nínú rẹ̀, nítorí inú àfikún ẹ̀yìn ìwé òfin, níbi tí ojú àwọn òǹkàwé kì í dé, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbé ọdún púpọ̀ nínú àfikún ẹ̀yìn òfin ni ó mọ̀ pé òfin àtijọ́ kan ṣì ń mí lábẹ́ òfin tuntun.

Òfin àtijọ́ náà ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1911 fún ara wọn àti fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn. Gúúsù Áfíríkà gbé e wọ inú òfin tirẹ̀ ní ọdún 1916. Nínú abala karùn-ún rẹ̀ ni gbólóhùn kan wà, tí a kọ́kọ́ lè kà kọjá, tí ó sọ báyìí ní ìtumọ̀: bí ẹni tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ó ni ẹ̀tọ́ náà, ìwé yòówù tí ó bá fi gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn nígbà ayé rẹ̀, yàtọ̀ sí ìwé ìhágún, kò ní agbára mọ́ nígbà tí ọdún 25 bá ti kọjá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀tọ́ náà padà sí ọwọ́ àwọn alábòójútó ogún rẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì ti fọwọ́ sí ìwé mìíràn pé òun ta ọdún ìkẹyìn wọ̀nyẹn pẹ̀lú, òfo ni. Ọdún 50 lẹ́yìn ikú ni òfin náà fi dáàbò bo iṣẹ́; nítorí náà ó pín in sí ọ̀nà méjì, ó fi ìlàjì àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó ra ẹ̀tọ́, ó sì pa ìlàjì kejì mọ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn amòfin a máa fi orúkọ Charles Dickens pe gbólóhùn yìí, nítorí èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé tí kò tíì lókìkí kò lè mọ iye tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò tó lọ́la, àti pé kò yẹ kí ìdílé rẹ̀ máa ráágó nígbà tí àwọn mìíràn ń fi iṣẹ́ náà kọ́lé.

Àwọn Yorùbá kò ní ṣòro láti mọ irú òfin yìí. Gbogbo ẹni tí ó dàgbà ní abúlé ló mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ilẹ̀ títà àti ilẹ̀ tí a fi dógò. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ fún ìdógò lè dáko níbẹ̀ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun, ó lè kú kí ọmọ rẹ̀ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ onílẹ̀ bá gbé owó wá, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Ní ojú òfin ọdún 1911, ìwé tí òǹkọ̀wé pè ní ìtajà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìdógò. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò ní kí àwọn ọmọ san owó kankan padà. Ikú bàbá wọn àti ìkójá ọdún 25 tó.

Kí a wá ṣírò. Linda kú ní ọdún 1962. Ọdún 25 sí i jẹ́ 1987. Láti ìgbà náà, ní Gúúsù Áfíríkà, ìwé ṣílè 10 ti di páálí lásán, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó gba àṣẹ láti inú ìwé náà kò gba nǹkan kan. The Lion King jáde ní ọdún 1994. Ìmọ̀ràn Dean ni pé bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Gúúsù Áfíríkà ni ó rí ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí òfin ọdún 1911 ti rìn dé. Amẹ́ríkà kò sí lára wọn, òfin tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí.

Ìṣirò tán, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó dínà, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin fara balẹ̀ wo bí a ti ṣí i.

Èkínní ni pé Linda ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ Gallo, òfin ọdún 1911 kan náà sì sọ pé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá ṣe nínú iṣẹ́ tí a gbà á fún, ọ̀gá rẹ̀ ni ó ni í. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Linda kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó ni ẹ̀tọ́ náà, gbólóhùn Dickens kò sì kàn án. Èyí kò ṣòro dáhùn: àwo ni Linda ń dì sínú páálí níbẹ̀, a kò gbà á láti máa dá orin. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọdún 1952 fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí kò sí ẹni tí í ra ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé tí ó já ẹ̀tọ́ gbà lọ́wọ́ Linda ni ó wá di ẹ̀rí pé Linda ni ó ni í.

Èkejì le ju èyí lọ. Lẹ́yìn ikú Linda, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ pẹ̀lú ti fọwọ́ sí àwọn ìwé kan tí ó fi ẹ̀tọ́ orin náà fún àwọn onítẹ̀wé orin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ borí wọn nílé ẹjọ́ á gbé ìwé wọ̀nyí jáde, á ní, bí ẹ̀tọ́ tilẹ̀ padà sílé ní 1987, ẹ̀yin ni ẹ tún fi ọwọ́ ara yín tà á. Níhìn-ín ni a ti rí ànfààní kíka òfin ní ọ̀rọ̀-dé-ọ̀rọ̀. Òfin náà kò sọ pé ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ó ní ó padà sọ́dọ̀ alábòójútó ogún, gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú ogún òkú. Ọmọ tí kì í ṣe alábòójútó kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ó lè tà. Ẹni tí ó bá mọ àṣà ilẹ̀ ẹbí láàárín wa kò ní ya ẹnu sí èyí: bí ọmọ ẹbí kan bá dá nìkan ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í ka ìtajà náà sí rárá, bí ó ti wù kí ọmọ náà jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹbí tó. Nítorí náà a yan alábòójútó fún ogún Linda, orúkọ alábòójútó náà ni a sì fi pe ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó dára ni ó ti ṣubú nílẹ̀ wa nítorí pé ẹni tí ó pè é kọ́ ni òfin fún láṣẹ láti pè é. Níhìn-ín, ìbéèrè náà gan-an ni ó gba ìdílé là.

Ẹ̀kẹta ni pé Disney kì í gbé Gúúsù Áfíríkà. Òfin ilẹ̀ náà ni pé a kò lè pe àlejò tí kò ní ibùgbé níbẹ̀ lẹ́jọ́ gbèsè àfi bí a bá kọ́kọ́ rí ohun ìní rẹ̀ kan nínú ilẹ̀ náà kí ilé ẹjọ́ sì dè é mọ́lẹ̀. Ilé kò sí, ilẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n Disney ní àmì òwò, àwọn orúkọ àti àwòrán tí ó fi ń ta ọjà rẹ̀, tí ó ti forúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Gúúsù Áfíríkà, ó sì lé ní 240. Ohun ìní ni àmì òwò ní ojú òfin, bí a kò tilẹ̀ lè fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2004, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria pàṣẹ pé kí a de gbogbo wọn. Báyìí ni eku Mickey fi di ohun tí a fi ṣe ìdè nítorí orin kìnnìún, ìròyìn náà sì tàn ká gbogbo ayé ju bí ìwé òfin kankan ì bá ti tàn án lọ. Disney gbìyànjú kí ilé ẹjọ́ tú àwọn àmì náà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Àwọn tí ó ti ka ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ á rántí ológò, ẹni tí í wọ ilé onígbèsè tí í jókòó tì í, tí í máa fi ariwo àti ìwọ̀ra da ilé rú títí a ó fi sanwó fún ẹni tí ó rán an. Kì í ṣe ohun kan náà gan-an, nítorí pé ìdè ti ilé ẹjọ́ kò wà láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Ó wà kí ilé ẹjọ́ lè ní ohun tí yóò mú bí ìdájọ́ bá jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, ojú tí ó ti Disney ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ó kù díẹ̀ kí a sọ nípa ọ̀rọ̀ orin àbáláyé, nítorí òun ni ó kan ẹgbẹ́ wa jù. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé orin Súlú lásán ni Mbube, pé gbogbo ènìyàn ni ó ni í, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sí i ni yóò jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tí Linda gbà kọ orin, ìtòsí ohùn ìsàlẹ̀ sí ti òkè, ìlé àti ìgbè, gbogbo wọn ni ó ti bá lẹ́nu àwọn baba rẹ̀. Òfin kò fún un ní àṣẹ lórí ìwọ̀nyẹn. Ohun tí ó dá ní 1939, ohùn pàtó tí ó tò bí ó ti tò ó, òun ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Ìjálá gẹ́gẹ́ bí irú ewì, gbogbo ọdẹ ni ó ni í. Oríkì erin àti ti àgbọ̀nrín kò sí lọ́wọ́ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n bí oníjàálá kan bá ti inú ọgbọ́n ara rẹ̀ to ewì tuntun nípa ogun tàbí nípa ọjà, èyí tí ó tò kì í ṣe ohun àbáláyé nítorí pé ohùn ìjálá ni ó fi sun ún. Àṣìṣe tí ó pa Linda lára, àwọn tí ń kó ewì jọ láàárín wa ń ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n bá kọ “láti ẹnu àwọn àgbà” sí abẹ́ iṣẹ́ tí àgbà kan ṣoṣo, tí ó ní orúkọ, ṣe fún wọn.

A kò jó ijó ẹjọ́ náà dé òpin. Ní oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Abilene Music, onítẹ̀wé orin tí Disney ti gba àṣẹ, bá ìdílé náà parí ọ̀rọ̀. Wọ́n gbà láti san owó fún ohun tí ó ti kọjá, wọ́n gbà pé ìdílé yóò máa ní ìpín nínú èyí tí ń bọ̀, wọ́n gbà pé inú Mbube ni The Lion Sleeps Tonight ti jáde, àti pé a ó máa kọ orúkọ Linda gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá orin náà. A dá àpò ìfipamọ́ kan sílẹ̀ láti gba owó náà fún àwọn ọmọ. Ìdílé tálákà kò lè dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbé. Ilé-iṣẹ́ Gallo, tí ó ra orin náà ní ṣílè 10 ní àtijọ́, àti ìjọba Gúúsù Áfíríkà, ni ó fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Fún ìdílé, ìparí náà dára. Fún òfin, ó fi àlàfo sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùjà bá parí ìjà ní ìta, adájọ́ kì í kọ ìdájọ́; nítorí náà ìbéèrè nípa ìpadàbọ̀ ẹ̀tọ́, èyí tí gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé, kò gba ìdáhùn láti ẹnu adájọ́. Agbẹjọ́rò mìíràn tí ó bá gbé irú rẹ̀ dìde yóò ní àpẹẹrẹ tí ó lókìkí, kò sì ní ní ìdájọ́ tí ó lè tọ́ka sí. Àkókò pẹ̀lú ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 50 lẹ́yìn ikú Linda parí ní ìparí 2012. Nínú ọdún 25 tí òfin pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, 17 ti lọ kí a tó pe ẹjọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ohun kan padà sílé ní 1987.

Ní ilẹ̀ wa, àṣẹ tí ó mú òfin ọdún 1911 wọ Gúúsù Nàìjíríà jáde ní ọdún 1912. Òun ni ó wà nígbà tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin sínú àwo Zonophone ní London ní ọdún 1922, òun ni ó sì wà nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà jáde ní ọdún 1938. Òfin tiwa ti ọdún 1970 ni ó rọ́pò rẹ̀, lẹ́yìn náà ti 1988, àti èyí tí a ń pè ní òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ìyàtọ̀ púpọ̀ ni ó wà láàárín wọn. Òfin tòní dáàbò bo ìwé àti orin fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó dá wọn, ó ní abala fún ohun àjogúnbá àwùjọ, tí òfin ọdún 1988 pẹ̀lú ti ní, ó sì fún ẹni tí ń sun ìjálá tàbí tí ń kọrin ní ẹ̀tọ́ pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún títà. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní 1948 tàbí ní 1960, inú òfin ìgbà náà ni a ti kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kà á, kí a tó wá wo ohun tí àfikún ẹ̀yìn àwọn òfin tí ó tẹ̀lé e fi ṣe é.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn kedere. Òfin wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1957 dá ìpadàbọ̀ ẹ̀tọ́ dúró fún ìwé àdéhùn tuntun, ṣùgbọ́n ó fi àwọn tí a ti ṣe ṣáájú ọjọ́ náà sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, òfin wọn ti ọdún 1988 kò sì yí èyí padà. Kí a sọ pé òǹkọ̀wé ará Yorùbá kan gbé ẹ̀tọ́ ìwé rẹ̀ fún onítẹ̀wé kan ní London ní ọdún 1955, tí ó sì kú ní 1990. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀tọ́ náà ti padà sí inú ogún rẹ̀ ní ọdún 2015, bí onítẹ̀wé náà tilẹ̀ ń tẹ ìwé náà lọ tí kò sọ nǹkan kan.

Agbẹjọ́rò tí ìdílé irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ lọ kò ní kọ́kọ́ béèrè bí ìwé náà ti lókìkí tó. Ìwé àdéhùn gan-an ni yóò béèrè, kì í ṣe ìtàn rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ni yóò sọ òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Yóò béèrè ẹ̀rí ọjọ́ ikú. Yóò béèrè bóyá a fi ìwé náà sínú àkójọpọ̀ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí òfin ọdún 1911 yọ irú èyí sílẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, yóò ní kí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ láti gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni yóò tó mú ẹjọ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀, nítorí òun nìkan ni abala 251 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ fún, bí ó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni a ti lo iṣẹ́ náà láìgba àṣẹ.